Kí Ẹ Tó Gba Dexamethasone fún Kókó Inú Ọpọlọ

“CT ò rí nǹkan kan.” Ohun tí wọ́n ń gbé wá bá wa nìyẹn, lẹ́yìn tí aláìsàn ti ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n fún oṣù mélòó kan, tó ń rí ẹnì kan ní méjì, tó sì ń bì láràárọ̀. CT, àwòrán tí wọ́n fi X-ray yà, dára fún ẹ̀jẹ̀ tó ya sínú ọpọlọ. Ìpàkọ́ ni kò ti dára: egungun líle tó yí etí inú ká máa ń fa ìlà dúdú kọjá lójú àwòrán, kókó tó bá jókòó sí ìdí ọpọlọ á sì sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. MRI, àwòrán tí wọ́n fi mágnẹ́ẹ̀tì yà, ni kí ẹ ṣe. Kí wọ́n yà á láìlo gadolinium, oògùn tó ń mú kókó hàn kedere lójú àwòrán, kí wọ́n wá fa gadolinium náà sí iṣan, kí wọ́n sì tún àwòrán yà.

Ọmọ tí kò lè gbójú sókè mọ́, èpè kọ́ ló ń jà á. Ẹ jẹ́ ká wá kókó ní agbègbè pineal, ẹṣẹ́ kékeré kan láàárín ọpọlọ; kókó ibẹ̀ lè tẹ apá ọpọlọ tó ń darí ojú lọ sókè. Ẹni tó ń gbowó yín láti tú èpè ń fi àsìkò ọmọ náà ṣòfò.

Èyí tó ń bí mi nínú jù rèé. Ẹnì kan fún aláìsàn ní dexamethasone, oògùn sitẹ́rọ́ọ̀dù tó ń mú kí ọpọlọ tó wú fà, orí fífọ́ lọ, gbogbo ilé yọ̀. Tó bá jẹ́ lymphoma ọpọlọ ni, ìyẹn jẹjẹrẹ irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, irú sẹ́ẹ̀lì tí oògùn yìí máa ń pa gan-an ló di kókó náà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó lè súnkì lójú MRI, ó tilẹ̀ lè pòórá. Bí a bá wá fi abẹ́rẹ́ gígùn bu díẹ̀ níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó ti kú àti àwọn tó wá palẹ̀ òkú mọ́ nìkan la lè rí. Kò sí orúkọ tí a ó fún un, bẹ́ẹ̀ oníṣègùn gidi kì í bẹ̀rẹ̀ oògùn jẹjẹrẹ fún àìsàn tí kò lórúkọ. Kò sàn o, ó fara pamọ́ ni, yóò sì padà.

Nítorí náà, bí aláìsàn bá ń sọ̀rọ̀, tó ń mí dáadáa, ẹ jẹ́ ká mú ẹran kókó náà ná. Bí ọpọlọ bá wú débi pé ẹ̀mí wà nínú ewu, dókítà ọsibítù á fún un ní dexamethasone lójú ẹsẹ̀. Ẹ má bá a jiyàn. Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, torí ara ti dáwọ́ pípèsè sitẹ́rọ́ọ̀dù tirẹ̀ dúró, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀. Ẹ kọ iye míligíráàmù àti ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fún wa.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn kí a tó wo àwòrán. Kókó ìpàkọ́ lè ti ọpọlọ sínú ihò ìdí agbárí, kí èémí sì dá.

Fífi ojú wo sẹ́ẹ̀lì nìkan kò tó láti fún kókó lórúkọ. Nínú ìpínsísọ̀rí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ti 2021, kókó àárín ọpọlọ tó tàn kálẹ̀, tí H3 K27 rẹ̀ (ibì kan lára purotéènì tí DNA ń wé mọ́) ti yí padà, ìpele 4, tó burú jù, ni, bí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tilẹ̀ rí jẹ́jẹ́. Bí wọ́n bá ti mú ẹran lára yín rí, ẹ bi láàbù bóyá búlọ́ọ̀kù paraffin rẹ̀, ìyẹn ìda tí wọ́n fi tọ́jú ẹran náà, ṣì wà lọ́wọ́; a lè fi ṣe àyẹ̀wò yìí láìtún lu agbárí.