Ẹsẹ̀ Wa Ló Ń Gbé Àrùn Wọ Oko Ata

Ẹni tó bá ń gbin ẹ̀fọ́ lákùrọ̀ etí odò Ògùn, níbí l'Abẹ́òkúta, á ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí: "Atẹ́gùn ló gbé àrùn yẹn wá. Kí lèèyàn fẹ́ fi atẹ́gùn ṣe? Ẹ ra oògùn, kẹ́ ẹ fín in sí i." Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ dárúkọ atẹ́gùn, ọwọ́ ayé ni wọ́n ń tọ́ka sí.

Mi ò lè bú ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbà á gbọ́ fọ́dún púpọ̀, bó sì ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ jọ iṣẹ́ ọ̀tá lóòótọ́. Ata rodo tó ti ń tanná, tí ewé rẹ̀ dúdú minimini, á kàn rọ lọ́sàn-án bí ẹni tóùngbẹ ń gbẹ. Tó bá dìrọ̀lẹ́, á tún gbórí díẹ̀. Ẹ bomi rin ín, kò gbọ́. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ mélòó kan, ó ti kú tewétewé, ewé náà ò sì tíì pọ́n. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á tẹ̀ lé e, á sì máa lọ bẹ́ẹ̀ lójú ebè, bí omi ṣe ń ṣàn.

Bí omi ṣe ń ṣàn yẹn ló yẹ ká fura sí. Atẹ́gùn kì í tẹ̀ lé ojú ebè.

Lọ́dún tí ata mi kú, ẹ̀gbọ́n kan tó kọ́ṣẹ́ ọ̀gbìn bá mi dé oko. Ó fa ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ tu, ó fi ọ̀bẹ gé igi rẹ̀ nítòsí gbòǹgbò, ó ní kí n bu omi tó mọ́ sínú ife onígíláàsì. Ó fi ojú ibi tó gé rọ̀ sínú omi náà, kò jẹ́ kó kan ìdí ife, ó ní ká má mì ín. A dúró. Kò pẹ́ tí okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ̀ láti ojú ibi tó gé, bíi wàrà tí wọ́n ń ro sínú omi díẹ̀díẹ̀, bí èéfín tó gba ìsàlẹ̀ lọ.

"Bakitéríà nìyẹn," ó ní. "Àwọn ló dí ọ̀nà tómi ń gbà gòkè nínú igi ata ẹ. Oògùn wo lo ti ń fín?"

Mo dárúkọ rẹ̀.

"Oògùn kòkòrò nìyẹn. Kò lè ṣe èyí ní nǹkan kan."

Owó tí mo ti ná sórí oògùn yẹn dùn mí wọra. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe bakitéríà náà ni Ralstonia solanacearum. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ojú ọgbẹ́ gbòǹgbò ló ń gbà wọlé, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Kò sí oògùn fínfín tó ń wo ata tó bá ti mú. Ohun tó ń gbé e láti oko kan dé òmíràn ni ẹrẹ̀ abẹ́ bàtà, ẹrẹ̀ ara ọkọ́, ọmọ ata tí a rà tòun ti yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, àti omi tó ṣàn wá láti oko ẹlòmíràn. Ní tèmi, ebè tí mo gbin ọmọ ata tí mo rà sí ló kọ́kọ́ rọ. Lẹ́yìn náà, àwa fúnra wa fi ọkọ́ gbé e kiri àwọn ebè yòókù.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé a mọ ọgbọ́n yìí tẹ́lẹ̀. Ẹ lọ sí ọgbà adìẹ tí wọ́n bá ti ń ṣe dáadáa láyìíká ìlú yìí, omi oògùn lẹ ó kọ́kọ́ ti bàtà bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Látìgbà tí àrùn adìẹ tó wá láti òkèèrè ti bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2006, ta ló tún ń bá ọlọ́sìn jiyàn lórí rẹ̀? Àmọ́ nígbà tí mo bẹ ìyá kan tí oko wa jọ pààlà pé kí wọ́n fọ bàtà kí wọ́n tó wọlé, wọ́n ní: "Ọmọ mi, ata ò ṣáà ní imú tó fi ń mí."

Mo ní: "Ẹ má bínú mà, ó ní gbòǹgbò."

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ atẹ́gùn o. Àwọn kòkòrò funfun kéékèèké tó máa ń fò bí eérú téèyàn bá mi ewé tìmátì, wọ́n ń fò wá lóòótọ́, àwọn ló sì ń gbé àrùn tó ń ká ewé jọ. Síbẹ̀, ara igi tó ti ṣàìsàn ni wọ́n ti ń rí i gbé. Ẹni tó fi tìmátì tó ti so tán sílẹ̀ kó gbẹ lóko, tó tún gbin tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ló tọ́jú àrùn náà dè wọ́n.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2016. Ìdin kan tó ń gbẹ́ inú ewé àti èso tìmátì ba oko jẹ́ lókè Ọya débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde ipò pàjáwìrì, àwọn èèyàn sì sọ ọ́ ní Ebola tìmátì. Tuta absoluta lorúkọ rẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, ó dé Sípéènì ní 2006, ó sì gba Àríwá Áfíríkà sọ̀ kalẹ̀. Lábalábá rẹ̀ kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Ìyẹ́ wo ló ní tí yóò fi fò sọdá òkun? Èso, ọmọ tìmátì àti àpótí tí wọ́n ń kó wọn sí ló ń bá rìnrìn àjò. Ìdí nìyí tí apẹ̀rẹ̀ tí ọkọ̀ gbé láti òkè Ọya wá sí ọjà wa kì í fi í wọ oko mi mọ́, ì báà ṣófo.

Àwọn àgbà ní ọ̀dú kì í ṣàìmọ̀ fún olóko. A mọ̀ ọ́n fún ọbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ èèyàn mélòó nínú wa ló mọ̀ pé ìbátan ata, tìmátì àti ìgbá ni? Àrùn tó pa ata lè fara pamọ́ sídìí ọ̀dú tó lalẹ̀ hù. Nítorí náà, ẹni tó yọ ata tó kú kúrò, tó sì gbin ìgbá rọ́pò rẹ̀, kò tíì pààrọ̀ nǹkan kan. Àgbàdo ló dáa jù níbẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé gbòǹgbò ata yín ló wú kókókó, aràn inú ilẹ̀ nìyẹn, ẹ má ṣe gbin ewédú tàbí ilá tẹ̀ lé e, torí aràn yẹn fẹ́ràn wọn gan-an.

Abẹ́òkúta ni yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà láti 1988. Ó ń dùn mí pé ọ̀rọ̀ tó rọrùn báyìí kò tíì délé dóko lákùrọ̀, torí kò náni lówó púpọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà wọ oko mi. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì àti búrọ́ọ̀ṣì líle wà níbẹ̀. A ó kọ́kọ́ fi omi lásán fọ ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà, ọkọ́ àti àdá, torí oògùn kì í ṣiṣẹ́ lórí ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó rì wọ́n sínú omi tí a bu Jik tàbí Hypo sí, ife kan sí ife omi mẹ́sàn-án. Àràárọ̀ la ń po tuntun. Àwọn tí mo gbà síṣẹ́ ò gbé ọkọ́ tiwọn wọlé mọ́, tèmi ni wọ́n ń lò, torí lánàá, oko ẹlòmíràn ni wọ́n wà. Ẹni tó bá mu sìgá gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó fọwọ́ kan ata, nítorí àrùn kan wà lára ewé tábà tó máa ń ran ata àti tìmátì, gbígbẹ kì í sì í pa á.

Ọmọ ata, èmi fúnra mi ni mo ń hù ú báyìí, nínú ọ̀rá, pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ tí mo yan nínú àgbá lórí iná. Èyí tó bá rọ lóko, tòun ti yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ ni mo ń wà á sínú àpò. Mi ò jẹ́ jù ú sójú omi.

Àgbàdo ló wà nígun tí ata ti kú. Ọ̀dú tó bá hù láàárín rẹ̀, mo ń fà á tu, bó ti wù kó wu ọbẹ̀ tó. Ibẹ̀ ni mo ń roko dé kẹ́yìn lójoojúmọ́, n óò sì fọ ọkọ́ kí n tó gbé e kọ́ èjìká.