Kí ló dé tí "/iye" tí mo kọ kò yọ?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì ló fi àwọn ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní server kan (ìyẹn ibi ìpàdé tiwọn) lórí Discord, ìkànnì tí àwọn ènìyàn ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ iye tí iṣu ń lọ lọ́jà. Wọ́n fi Python (èdè tí a fi ń kọ kóòdù) àti discord.py (irinṣẹ́ Python fún Discord) kọ bot kan, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn fúnra rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá tẹ "!iye". Ní báyìí, "/iye" ni wọ́n fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, bot ń ṣiṣẹ́, kóòdù kò sọ pé àṣìṣe kankan wà, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ "/", n kò rí àṣẹ mi. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Kóòdù rẹ kò jẹ̀bi, àbúrò mi. O kò tíì pàtẹ ni. Bí ẹnì kan bá tẹ "!iye", ọ̀rọ̀ lásán ló kọ, bot rẹ tó ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ ló rí i tó sì dáhùn. Ti "/iye" yàtọ̀. Ọwọ́ Discord ni àkójọ tó máa ń yọ bí o bá tẹ "/" wà, kò sí lọ́wọ́ bot rẹ. Ó dà bí iṣu tí àgbẹ̀ kó jọ sí oko ní Ìkọ̀lé: bó ti wù kó pọ̀ tó, ẹni tó wá rajà ní Ọjà Ọba l'Ádó kò ní rí i àfi tí wọ́n bá gbé e wá pàtẹ.

Nínú discord.py, `bot.tree` ni oko yẹn. `@bot.tree.command` ń kó àṣẹ jọ síbẹ̀, `await bot.tree.sync()` ló ń gbé e lọ sọ́jà. Láti ẹ̀dà 2.0, tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ni èyí ti wà.

Jọ̀ọ́, má fi sync, ìyẹn gbígbé lọ sọ́jà yẹn, sínú `on_ready`, apá kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ bí bot bá ti wọlé sí Discord tán. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń já, tó sì ń padà, `on_ready` lè ṣẹlẹ̀ léraléra, Discord sì fi ààlà sí i: àṣẹ tuntun 200 lójúmọ́ fún server kọ̀ọ̀kan. Èmi máa ń kọ àṣẹ kékeré kan fún sync, tí `commands.is_owner()` ń ṣọ́, kí ẹlòmíràn má lè pè é. Ìgbà tí mo bá yí orúkọ àṣẹ, àlàyé rẹ̀ tàbí ohun tó ń béèrè padà nìkan ni mo ń lò ó. Bó bá jẹ́ ìdáhùn rẹ̀ nìkan ni mo tún ṣe, títan bot padà ti tó.

Fún ìdánwò, lo `copy_global_to`, tó ń da àwọn àṣẹ gbogbo ayé kọ fún server kan, kí o sì sync sí server tìrẹ nìkan. Tí o bá wá sync fún gbogbo ayé lẹ́yìn náà, "/iye" méjì ni yóò yọ. Fi `clear_commands` nu ti server yẹn, kí o tún un sync. Tẹ Ctrl àti R lórí kọ̀ǹpútà bí àkójọ kò bá yí padà.

Discord gba "iṣu" bí orúkọ àṣẹ, ó gba "ọjà", ṣùgbọ́n kò gba "ẹ̀gẹ́". Ṣé kò fẹ́ Yorùbá ni?

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi nínú, ó sì dùn mí. Lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì díẹ̀ ni orúkọ àṣẹ lè ní, kò gbọdọ̀ ju 32 lọ, kò sì gbọdọ̀ ní àlàfo tàbí lẹ́tà ńlá. Kọ̀ǹpútà ní ẹyọ kan ṣoṣo fún ṣ, fún ọ, àti fún à. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan fún ẹ̀: ẹ ni, pẹ̀lú àmì ohùn tí a gbé lé e lórí. Àmì yẹn dá dúró, a kò kà á sí lẹ́tà, Discord kò sì ń gbà á. Wọ́n ti ṣí àyè fún irú àmì bẹ́ẹ̀ nínú èdè Thai àti Hindi. Ó yẹ kí wọ́n ṣí i fún tiwa náà.

Títí dìgbà náà, kọ "ẹgẹ" sí orúkọ, kí o sì kọ "ẹ̀gẹ́" pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ sínú àlàyé, tó lè gùn tó 100 lẹ́tà. Discord ń gba àmì níbẹ̀.

Nígbà mìíràn Discord máa ń sọ pé "The application did not respond", ìyẹn ni pé bot kò dáhùn.

Ìṣẹ́jú àáyá 3 ni Discord ń dúró dè ọ́. Bí bot rẹ bá ní láti lọ wo iye ọjà níbòmíràn, kọ́kọ́ pe `interaction.response.defer()`, tó ń sọ fún Discord pé kó dúró díẹ̀, kí o tó wá a. Ìyẹn fún ọ ní ìṣẹ́jú 15. `interaction.followup.send` ni kí o wá fi dáhùn.

Ṣé kí a pa "!iye" rẹ́?

Ẹ lè fi `hybrid_command` lo méjèèjì pa pọ̀ kí ọwọ́ àwọn ará yín fi mọ́ tuntun. Lẹ́yìn náà, ẹ pa "!iye" rẹ́. Kí bot tó lè rí "!iye", àfi kí ẹ tan Message Content Intent (ìyọ̀ǹda láti ka ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ), kí ó sì máa ka gbogbo ohun tí ẹ bá kọ síbi tó lè rí, títí kan ọ̀rọ̀ ìdílé àti ti gbèsè. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 2022 ni Discord ti ń dí ọ̀nà yẹn. "/iye" kò nílò rẹ̀ rárá. Ohun tí ẹnì kan bá fi pè é nìkan ló ń rí.