"Èmi ni mo mọ ara mi jù": ṣé lóòótọ́ ni?

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí tó bí mo ṣe mọ ara mi." Ọ̀rọ̀ yìí ò wọ́n lẹ́nu wa, pàápàá tẹ́nì kan níbi iṣẹ́ bá sọ pé báyìí báyìí lẹ ṣe máa ń ṣe, kíá la máa fi gbé e jáde. Èmi náà sọ ọ́ títí, mo sì gbà á gbọ́. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló jóòótọ́.

Èyí tó jóòótọ́ níbẹ̀ ni pé nǹkan tó wà nínú lọ́hùn-ún, ẹ̀rù, àníyàn, ohun tí ò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn tẹ́ ò sọ fẹ́nì kankan, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Simine Vazire, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2010 tó sọ bẹ́ẹ̀: tó bá di ti àníyàn, onítọ̀hún fúnra ẹ̀ ló mọ̀ jù, ṣùgbọ́n tó bá di ti làákàyè, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ló ń rí tẹni.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá le ni ti "kí ló dé tí mo fi ṣe é". A rò pé tá a bá ti jókòó jẹ́ẹ́ tá a ronú, ìdáhùn á yọjú. Lọ́dún 1977, Richard Nisbett àti Timothy Wilson, táwọn náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, kọ̀wé nípa ìbọ̀sẹ̀ náílọ́ọ̀nù mẹ́rin tí wọ́n tò sórí tábìlì pé káwọn èèyàn mú èyí tó dáa jù, bẹ́ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò yàtọ̀ síra rárá. Nínú èèyàn mẹ́wàá, bíi mẹ́rin ló mú èyí tó wà lápá ọ̀tún pátápátá. Wọ́n wá bi wọ́n pé kí ló dé, kálukú ń ṣàlàyé bí tiẹ̀ ṣe dáa tó, kò sẹ́nì kan tó ní torí ibi tí wọ́n gbé e sí ni, nígbà tí wọ́n tiẹ̀ bi wọ́n bóyá ìyẹn ni, wọ́n ní rárá. Wọn ò parọ́ o! Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, torí ẹni tó ń parọ́ mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa.

Èmi gan-an máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé mo máa ń gbọ́ tẹnu ẹlòmíì ní mítìn. Lọ́jọ́ kan wọ́n ká ohùn wa sílẹ̀, mo wá ń gbọ́ ọ kí n lè kọ ohun tá a sọ. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní "mo rò pé...", ohùn mi wọlé. Ó tún ní "àbí ká...", ohùn mi tún wọlé. Nígbà kẹta, ó kàn mí kanlẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ lọ́kàn mi lọ́jọ́ yẹn, mò ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ara yín, ẹ bi àwọn tó ń rí yín. Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé mo dáa?", torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa sọ. Ẹ bi wọ́n nípa ohun tójú wọn rí: "Ní mítìn àná, ìgbà mélòó ni mo dá ọ̀rọ̀ mọ́ ẹ lẹ́nu?" Kẹ́ ẹ wá panu mọ́, kẹ́ ẹ má wí àwíjàre, ibẹ̀ ló le jù lójú tèmi. Mo lọ bá ẹni yẹn, mo bi í. Ó ní kò sí nǹkan kan. Mo dúró, mi ò sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní, "Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò ti mú àbá kankan wá sí mítìn mọ́."