Ìdí tí sìmẹ́ńtì fi ń ba ògiri ilé àtijọ́ jẹ́

Ọ̀pọ̀ ilé bíríkì àti ilé olókùúta ayé àtijọ́ ni wọn ò lo sìmẹ́ńtì kọ́ rárá. Ẹfun tí wọ́n ń sun látinú òkúta (lime) ni wọ́n fi lẹ bíríkì àti òkúta mọ́ra, ẹfun náà ni wọ́n fi rẹ́ ògiri. Ibi tí ọ̀pọ̀ àtúnṣe ti ń wọ́ gan-an nìyẹn, torí sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń lò dípò ẹfun.

Wọ́n á sun òkúta ẹfun nínú iléru títí ooru á fi tó nǹkan bíi 900°C, carbon dioxide (irú afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta) inú rẹ̀ á sì jáde. Tí wọ́n bá bu omi sí ohun tó kù, á hó yaya, á wá di funfun kíki. Wọ́n á po ó mọ́ yanrìn, wọ́n á fi rẹ́ ògiri. Látìgbà náà ni á ti máa fa carbon dioxide padà látinú afẹ́fẹ́, díẹ̀díẹ̀, títí á fi tún di òkúta.

Ẹfun kì í le tó sìmẹ́ńtì, àǹfààní rẹ̀ sì nìyẹn. Omi tí ògiri bá fà látilẹ̀ ń gba ara rẹ̀ jáde. Bí ilé bá sún díẹ̀, á bá a sún.

Sìmẹ́ńtì Portland, irú tó wọ́pọ̀ lónìí, tí Joseph Aspdin gba ìwé àṣẹ fún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1824, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ògiri á dán lóòótọ́, inú onílé á dùn, àmọ́ ògiri ti dà bí ẹni tó wọ ẹ̀wù ọ̀rá lójú oòrùn. Omi tí kò rọ́nà jáde á gba ara bíríkì, òun àti iyọ̀ inú rẹ̀. Bómi bá gbẹ, iyọ̀ á dì, á sì máa ṣí ojú bíríkì ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ wo irú ògiri bẹ́ẹ̀ dáadáa: sìmẹ́ńtì àárín bíríkì á yọ síta, bíríkì fúnra rẹ̀ á ti jẹ wọnú.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yọ sìmẹ́ńtì náà, nítorí ẹ̀rọ lè fọ́ bíríkì. Ògiri á wá gbẹ fún oṣù mélòó kan (ibí ni sùúrù onílé ti sábà ń tán) kí wọ́n tó fi ẹfun rẹ́ ẹ, ní ìpele tín-ínrín tín-ínrín. Wọ́n á ta àpò ìdọ̀họ tútù bò ó, torí ẹfun tó bá tètè gbẹ á kàn máa rún dànù ni.

Ní ti ọnà ara ògiri tó ti wó, àdéhùn Venice ti 1964, ìlànà àgbáyé lórí títún ilé àtijọ́ ṣe, ní kí àtúnṣe dúró níbi tí ìméfò bá ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí fọ́tò tàbí àjókù tó fi bí ọnà náà ṣe rí hàn, wọ́n á fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀ lásán.