Ìbéèrè Ni Kí Ẹ Gbé Wálé Látinú Ìwé Ìtàn

Àwọn òbí tí ọmọ wọn ń múra ìdánwò WAEC sílẹ̀ ní Kàbà níbí ló máa ń bi mí jù: "Tíṣà, ìwé ìtàn tí ẹ ní kí ọmọ yìí kà, èwo ni tiwa níbẹ̀?" Àgbẹ̀ wà nínú wọn, oníṣòwò wà, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wà. Wọ́n ti ra ìwé, wọ́n sì fẹ́ mọ ohun tí owó wọn rà. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Lójú tèmi, ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ lítíréṣọ̀ nílé ìwé ló bí i. A máa ń ní kí ọmọ kọ àwọn kókó inú ìtàn sílẹ̀: ìfẹ́, ìlara, ìwà ìbàjẹ́, agbára. Ọmọ á há wọn sórí, á dà wọ́n sórí ìwé ìdánwò, á gba máàkì. Tó bá délé, ìlara inú ìwé àti ìlara tó ń bẹ láàrin àwọn ìyàwó bàbá rẹ̀ kò ní mọra wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè gba kókó ìtàn. Ẹ̀kọ́ tí a fi ń kásẹ̀ àlọ́ nílẹ̀ náà kò gbà á. Bí mo ṣe rí i lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé òǹkọ̀wé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń mú ìbéèrè kan dání, á máa bi í látojú ewé kìíní títí ìwé á fi parí. Ẹ̀dá ìtàn kan á dáhùn báyìí, òmíràn á dáhùn bí ọ̀hún, òǹkọ̀wé ò sì ní bá wa dá a. Ẹni tó bá rí ìbéèrè yẹn gbà jáde nínú ìwé ti rí ohun tó lè gbé wọlé.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí ọ̀pọ̀ yín ti kà tàbí tí ẹ ti gbọ́ nípa rẹ̀: Things Fall Apart, tí Chinua Achebe gbé jáde ní 1958, tí Wálé Ògúnyẹmí sì tú sí Yorùbá. Bí mo bá bi kíláàsì pé kí ni kókó rẹ̀, wọ́n á hó pọ̀ pé Òyìnbó wá ba àṣà jẹ́. Kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ó ju ìdajì ìwé náà lọ kí Òyìnbó tó fẹsẹ̀ tẹ Umuofia, ìlú tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Kí wá ni gbogbo orí tó ṣáájú ń wá níbẹ̀? Wọ́n ń sọ̀rọ̀ Okonkwo, ọkùnrin kan tí ẹ̀rù ń bà. Unoka, bàbá Okonkwo, mọ fèrè í fọn, ó mọ gbèsè í jẹ, kò sì gboyè kankan títí ó fi kú. Ọmọ rẹ̀ wá pinnu nínú ara rẹ̀ pé ohunkóhun tí bàbá òun bá fẹ́ràn lòun máa kórìíra. Ọ̀lẹ ni bàbá náà lóòótọ́, ó sì tún jẹ́ onínú tútù. Okonkwo kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó da inú tútù nù mọ́ ọ̀lẹ.

Ẹ wá ka orí keje, kí ẹ má kánjú. Ikemefuna, ọmọkùnrin tí ìlú mìíràn fi san gbèsè ẹ̀jẹ̀ fún Umuofia, ti lo ọdún mẹ́ta nílé Okonkwo, ó ń pè é ní bàbá. Nwoye, ọmọ Okonkwo, ti mú un bí ẹ̀gbọ́n. Òrìṣà ní kí wọ́n pa ọmọ náà. Ezeudu, àgbàlagbà kan tí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan, wá kìlọ̀ fún Okonkwo pé kó má fọwọ́ sí i, torí ọmọ yìí ń pè é ní bàbá. Okonkwo ní àwíjàre láti jókòó sílé, ó sì bá wọn lọ. Lójú ọ̀nà igbó, ọmọ náà gbé ìkòkò ẹmu rù, ó ń rò ó bóyá ìyá òun ṣì wà láyé. Wọ́n ṣá a, ìkòkò já bọ́, ó fọ́. Ó sá tọ ẹni tó ń pè ní bàbá, ó ń ké pé wọ́n ti pa òun. Okonkwo yọ àdá, òun ló parí rẹ̀. Achebe sọ ìdí rẹ̀ gbangba: kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ojo.

Kò sẹ́ni tí ìwé yìí ń bi bóyá ó dáa kéèyàn pa ọmọ. Gbogbo wa la mọ ìdáhùn ìyẹn. Ohun tó ń bi wá ni pé: kí ni èèyàn lè tìtorí ojú ayé ṣe sí ẹni tí òun gan-an fẹ́ràn?

Bí ìbéèrè yẹn bá ti dúró báyìí, kò sí ilé tí kò lè wọ̀ nílẹ̀ Òkun, láti Ìsánlú dé Bùnú. Ẹ wo ọ̀rọ̀ òkú àgbà láàrin wa. Bàbá kú, àwọn ọmọ pàdé. Àbúrò wọn kan ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, owó ilé ìwé rẹ̀ kò tíì pé. Gbogbo wọn ló mọ̀, gbogbo wọn ló fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìpàdé máa fi tú ká, wọ́n ti fi oko kaṣú bàbá ṣe ìdúró, wọ́n ti yá owó màlúù, owó aṣọ ẹbí, owó onílù. Bí ẹ bá bi wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ní kọ̀rọ̀, ẹ ò ní rí ẹyọ ẹnì kan tó fẹ́ bẹ́ẹ̀. "Kí làwọn ará ìlú máa sọ?" ló fọwọ́ sí i. N kò sọ pé ẹni tó ṣe òkú bàbá rẹ̀ dáadáa dẹ́ṣẹ̀ o. Òkú àgbà yẹ ní ṣíṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé inú ìpàdé yẹn gan-an ni orí keje wà, bí àdá kankan kò tilẹ̀ jáde nínú àkọ̀.

Ó sì níbi tí mo ti ń rọ àwọn tó ń bá mi kàwé pé kí wọ́n dúró díẹ̀. Kí wọ́n tó fẹnu kan Okonkwo, kí wọ́n kọ́kọ́ wo àwọn tó yí i ká, nítorí ìdáhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí ìbéèrè kan náà ni wọ́n jẹ́. Ezeudu sọ òótọ́ ní àkókò, ó sì padà sílé. Ọ̀rẹ́ Okonkwo kan wà tó ń jẹ́ Obierika. Ní tiẹ̀, bí òrìṣà bá ní kí wọ́n pa ọmọ òun, òun kò ní bá a jiyàn, àmọ́ ọwọ́ òun kọ́ ni wọ́n máa fi ṣe é. Àwọn kan ní kíláàsì máa ń sọ pé ọlọ́gbọ́n ni. Àwọn mìíràn ní ó kàn wá ibi tó tutù jókòó sí ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á. Ìjà yẹn wúlò ju máàkì lọ, torí àtibẹ̀ lẹnì kan á ti rántí ẹ̀gbọ́n kan nínú ìpàdé ẹbí tó mọ òótọ́, tó sì ní òun "kò fẹ́ wàhálà".

Nwoye ni mo fẹ́ràn jù láti sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn bàbá. Ní orí kẹjọ, lẹ́yìn ikú Ikemefuna, Okonkwo kò lè jẹun fún ọjọ́ méjì, ẹmu nìkan ló ń mu. Ó pe Nwoye kó wá jókòó ti òun. Ọmọ náà jókòó, àmọ́ ẹ̀rù bàbá rẹ̀ ń bà á. Bó ti rí i pé oorun fẹ́ gbé bàbá lọ, ó yọ́ jáde. Ìlà díẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ a sì máa fò ó. Ọkùnrin tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àìlera òun ń wá ọmọ rẹ̀ tì mọ́ra lọ́nà kan ṣoṣo tó mọ̀, ọmọ náà sì ti lọ. Nígbà tí àwọn oníwàásù wá dé, tí Nwoye gbọ́ orin wọn, kò ṣòro fún un láti tẹ̀ lé wọn. Ilé ti tì mọ́ ọn kí ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣílẹ̀kùn.

Àwa náà mọ ìtàn ìgbà tí ìwàásù wọlé. Tommy Titcombe, Òyìnbó oníwàásù, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, ọ̀pọ̀ ẹbí ní Yàgbà ló sì ń ka ìgbàgbọ́ wọn mọ́ ìgbà yẹn. N kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ojú Nwoye wo ìgbàgbọ́ bàbá ńlá rẹ̀. Oníkálukú ló mọ ohun tó gbé e lọ. Mo kàn ń sọ fún bàbá tó ń ráhùn lónìí pé ọmọ òun wà ní Àbújá, kì í pe òun, pé fóònù àti ìlú ńlá ti bà á jẹ́. Ẹ bi ara yín pé ìgbà wo lọmọ náà ti kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kó tó wọ mọ́tò rárá ló ti dákẹ́ nínú ilé.

Ohun kan wà tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Àwọn kan á kàwé tán, wọ́n á jáde sígboro, wọ́n á ní "Lágbájá yẹn, Okonkwo gidi ni." Wọ́n ti sọ ìwé di pàṣán tí wọ́n fi ń na aládùúgbò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ wá Okonkwo nílé ẹlòmíràn kò tíì ka ìwé náà tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ó Le Kú, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé jáde ní 1974. Àwọn òǹkàwé á máa ṣe kòmẹ́sẹ̀-o-yọ lórí ẹni tó yẹ kí Àjàní fẹ́ nínú Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Ìbéèrè tó jinlẹ̀ jù wà lábẹ́ ìyẹn: nígbà tí ọkùnrin kan bá ń rò ó síwá sẹ́yìn, ọjọ́ orí ta ló ń lọ?

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìjọra tó bá yá jù. Nígbà tí a ń ka Ọmọ Olókùn Ẹṣin, tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ ní 1969, ìtàn àwọn ará Òkè-Ògùn tó ń sin ọba tó ń jẹ́ Olúmokò, tí àwọn kan sì dìde fún òmìnira, ara àwọn àgbà máa ń yá gágá. Wọ́n ní, "Àwa àti Nupe rèé!" Mo mọ ìdí. Àwọn bàbá wa sin Bida, olú ìlú Nupe, ní sẹ́ńtúrì 19, wọ́n san ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n tilẹ̀ fi èèyàn san án. Ní oṣù kìíní 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Òyìnbó, gba Kàbà kọjá, wọ́n sì lọ ṣẹ́gun Bida. Ibi tí ìyàtọ̀ wà rèé, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ ká dúró sí: nínú ìwé Fálétí, àwọn tó wà lábẹ́ àjàgà ló dìde. Ní tiwa, bí àwọn bàbá wa ti jà tó, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Òyìnbó ló ṣẹ́ Bida, tí ìjọba Òyìnbó fi tẹ̀ lé e. Ta ló ni òmìnira tí ẹlòmíràn báni gbà? Ẹni tó bá fi ìjọra nìkan tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn kò ní débi ìbéèrè yìí láé. Umuofia pàápàá kò lọ́ba. Kàbà ní Ọbaro. Kí ẹ tó gbé ohunkóhun láti ibẹ̀ wá síbí, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ìyẹn yí padà.

Fún òbí tó fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ nílé, orí keje àti ìkẹjọ tó fún ìrọ̀lẹ́ kan. Kí ọmọ di ìwé mú, kó ka á sókè. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi ẹ̀ka èdè Owé tàbí Yàgbà yín sọ ọ́, ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì ìdánwò sọ ọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí Obierika: ṣé ọ̀rẹ́ gidi ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ó rọrùn fún ọmọ láti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nípa ọ̀rẹ́ bàbá ju kó sọ nípa bàbá lọ. Tó bá yá, fúnra rẹ̀ ló máa yí ọ̀rọ̀ náà sórí Nwoye. Bó bá débẹ̀, tó sì sọ ohun tí kò dùn létí yín, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán kí ẹ tó fèsì.