Akápò Tó Ka Kóòdù Fún Olè

Áàpù ni mò ń ṣe fún ẹgbẹ́ nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ yìí: ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, gbogbo ẹgbẹ́ tó bá ti ní ẹ̀ka. Bí ẹ ṣe máa gbà á látinú Play Store, ẹ bi àwọn ọmọ ọmọ yín. Ohun tó ń bí mi nínú ni nọ́ńbà fóònù.

Àwọn bàbá wa tó ń ṣòwò ní Jọs àti Gánà ti ń kóra jọ lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́ lọ́hùn-ún kí ìjọba Gánà tó lé àwọn àjèjì lọ́dún 1969. Nígbà yẹn, akọ̀wé mọ ojú, ó mọ ohùn. Áàpù ò mọ ìkankan. Ẹni tí kóòdù fígọ̀ mẹ́fà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà yín bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, òun ló gbà pé ó jẹ́ ẹ̀yin. Síbẹ̀, ẹ ó fi nọ́ńbà ọmọ yín tó ti lọ Kánádà forúkọ sílẹ̀, ẹ ó ju síìmù àtijọ́ sídìí àpótí. Síìmù tí ẹ ò fi pe ẹnikẹ́ni fóṣù mẹ́fà, iléeṣẹ́ lè tì í pa, tó bá yá, kí wọ́n tà á fẹ́lòmíràn. Kóòdù yín á máa wọlé sí i lọ́wọ́, kò sì jalè.

Ẹnì kan pe akápò ẹgbẹ́ kan, ó ní òun ń ṣètò ìpàdé Zoom fún ẹ̀ka Èkó, kóòdù kan ń bọ̀, kí Bàbá bá òun kà á. Bàbá kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tún ń bi í pé, "Ṣó o ti kọ ọ́?" Àṣé kóòdù WhatsApp Bàbá ni. Kílẹ̀ tó ṣú, "Akápò" ti ń tọrọ owó lórí gúrúùpù WhatsApp: ìyàwó òun wà lọ́sibítù. Orúkọ ẹni tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ rí ló wà lórí àkáǹtì tó kọ síbẹ̀. Wọ́n rí i. Wọ́n san án.

Wọn ò pè mí. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé fóònù lọ sórí òkè àdúrà. Òmíràn ní àwọn ọmọ yahoo ti fi oògùn gba ohùn Bàbá. Oògùn wo? Ṣebí Bàbá ló fẹnu ara ẹ̀ kà á! Ìgbà tó yá, wọ́n gbé e lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Tákíé. Ó gba ₦15,000 pé òun máa lé olè náà jáde, ló bá nu gbogbo fóònù mọ́ féú, àwòrán ìsìnkú ìyá Bàbá bá a lọ.

Kí Bàbá tún fi nọ́ńbà ẹ̀ wọ WhatsApp ni gbogbo ẹ̀. Kóòdù tuntun á wọlé sórí síìmù ẹ̀, olè á já bọ́ lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ mi, olè ti fi PIN tiẹ̀ sí i, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí WhatsApp máa ń béèrè lẹ́yìn kóòdù, ọjọ́ méje gbáko ni Bàbá fi dúró kó tó lè wọlé.

Bẹ́ẹ̀, wọ́n ní áàpù tí mo ṣe fún wọn! Àkáǹtì ẹgbẹ́ nìkan lowó ń lọ níbẹ̀, rìsíìtì á jáde, kò sẹ́ni tó lè kọ àkáǹtì tiẹ̀ sí i. Wọ́n ní ó ń jẹ détà.

Ẹ lọ sí Settings lórí WhatsApp yín, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Two-step verification, kẹ́ ẹ fi PIN sí i lónìí. Ẹ má fi ọjọ́ ìbí yín ṣe é o. Gbogbo gúrúùpù ló kí yín lọ́jọ́ náà.