Mọ́mì ń ta iṣu, s dà?

Lẹ́sìnnì Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń ṣe níbí ní Àkúrẹ́, ọmọ WAEC ń wá, ọmọ pámárì ń wá, àwọn àgbà tó fẹ́ jápa náà máa ń yọ́ wá lálẹ́, àṣìṣe kan náà ni gbogbo wọn sì ń gbé wá. Àwọn òbí á ní ọmọ àwọn ò mọ̀wé. Irọ́ ni o, Yorùbá tó ti jinlẹ̀ lágbárí wọn ló ń fà wọ́n láṣọ.

Ẹ wo "sè". Mo sè é, mò ń sè é, mo ti sè é, màá sè é. Ṣé ẹ rí i pé "sè" ò mira? Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó wà níwájú ẹ̀ ló ń sáré kiri. Gẹ̀ẹ́sì ní tiẹ̀, ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa ń so nǹkan mọ́: cook, cooks, cooked, cooking, ó parí, mẹ́rin péré. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá gba "ed" báyìí láìjanpata fún ohun tó ti kọjá ni wọ́n ń pè ní regular verb, òun ló sì pọ̀ jù, kódà èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ níṣojú wa, google, googled ni wọ́n sọ ọ́ dà. Àwọn olórí kunkun bíi go tó lọ di went, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ lónìí jàre.

"S" ló ń pa wá jù. Tó bá jẹ́ he, she, it, ẹnì kan tàbí nǹkan kan tí kì í ṣèmi tí kì í ṣèwọ, tó sì jẹ́ ohun tó máa ń ṣe, s gbọ́dọ̀ wà ńdìí ọ̀rọ̀-ìṣe: she sells. Wàhálà àkọ́kọ́ ni pé láti pámárì ni wọ́n ti sọ fọ́mọ pé s túmọ̀ sí "àwọn", one yam, two yams, ó wá dé ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe ó ń kọ "they sells", torí wọ́n ṣáà pọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ni s ti ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ kó yé e.

Èkejì ni mo fẹ́ràn jù. Mo ní kí ọmọbìnrin kan kọ nípa mọ́mì ẹ̀ tó ń ta iṣu l'Ọ́jà Ọba, ó kọ "My mother sell yam". Mo ní s dà? Ó ní, "Tíṣà, ṣé kí n máa pe mọ́mì mi ní 'ó' ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ọmọ yẹn ti ronú jù mí lọ. Lọ́kàn ẹ̀, mọ́mì, wọ́n ń ta iṣu ni, "wọ́n" sì ni they, they ò sì gba s. Òyìnbó ò mọ ìyẹn, tó o bá ti dá wà, o dá wà náà nìyẹn, the king sits, the baby sits. Àwọn àgbà Oǹdó tí ẹ̀ka èdè wọn ṣì jinlẹ̀ lẹ́nu, tí wọn kì í fi "ẹ" àti "wọ́n" ya àgbà sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ yìí ì bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù wá lọ.

Tó bá wá di ìbéèrè tàbí "kì í", does ló máa gbé s yẹn: does she sell, she does not sell. Ẹrù kan ni, ẹnì kan ti rù ú, má tún gbé e ka ẹlòmíì lórí. Did náà nìyẹn, "did you cooked" tí mò ń gbọ́ lójoojúmọ́, kódà lẹ́nu àwọn tíṣà, did ti gbé àná lọ, cook nìkan ló kù.

"Ed" ní tiẹ̀, ọmọ máa ń gbàgbé ẹ̀ torí "lánàá" ti sọ ọ́ tán, àbí kí la tún fẹ́ fi cooked ṣe nígbà tí yesterday ti wà ńbẹ̀? Ibi tó ti le jù ni pípè ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tiwa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, washed á di "wọ́ṣẹ́ẹ̀dì", WAEC sì máa ń bèèrè ẹ̀ nínú Oral. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n fọwọ́ kan ọ̀nà ọ̀fun. Pe cook, gbọ́ k tó gbẹ̀yìn, ọ̀fun ò gbọ̀n, torí náà t lo máa pè, "kúkt", wash náà bẹ́ẹ̀, dance náà bẹ́ẹ̀. Pe call, fa l yẹn gùn, ọ̀fun á máa gbọ̀n bíi jẹnẹrétọ̀, d nìyẹn, clean náà d. Àfi tí ọ̀rọ̀ bá ti fi t tàbí d parí tẹ́lẹ̀, bíi want àti need, ẹnu ò lè pe t méjì léra, ibẹ̀ nìkan lèèyàn ti ń gbọ́ "ìd" gbangba: wanted, needed.

Spelling ò fi bẹ́ẹ̀ le. Carry di carried torí kọ́ńsónáǹtì ló ṣáájú y, fáwẹ̀lì ló ṣáájú ti play, ó di played. Stop gba p méjì, stopped. Bake ti ní e lára, d nìkan ló kù.

Èyí tó ń yọ àwọn àgbà lẹ́nu ni "máa ń". Wọ́n á ní "I use to cook" tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé mo máa ń sè. Létí Òyìnbó, used to ni ohun tí mo máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí mi ò ṣe mọ́. "Máa ń" tiwa, cook lásán ti gbé e, I cook, she cooks. Nọ́ọ̀sì kan tó ń múra intafíù wá sọ́dọ̀ mi, mo ṣe bí Òyìnbó, mo bi í níṣẹ́ tó ń ṣe, ó ní "I used to work in a hospital in Akure". Mo ní, "And when did you leave?" Ó wò mí tìyanu-tìyanu, Yorùbá ló bọ́ sí: "Ta ló ní mo kúrò ńbẹ̀? Mo ní nàìtì lálẹ́ yìí o."